Òkè Là Ń Wò, A Kò Wo Ìsàlẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní, "Òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní òwe yìí. Ìtumọ̀ tí a máa ń fún un ni pé kò yẹ kí ènìyàn dá ohun tó hàn síta lẹ́jọ́ láìwá ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ṣùgbọ́n lónìí, mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ bá mi mú òwe náà bó ṣe wà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ara ènìyàn. Ẹrù ló wọ́ lójú èrò ọjà. Ẹsẹ̀ ni amúkùn-ún ní kí wọ́n wò. Bí a bá wá wo ẹsẹ̀ náà, ǹjẹ́ a ti dé ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀? Rárá o. Ẹsẹ̀ mìíràn wà tí kì í ṣe ìjàǹbá ló sọ ọ́ di aláìlágbára, tí kì í sì í ṣe àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀. Láti inú oyún ló ti rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀yìn ọmọ náà kò pa dé nígbà tí a ń mọ ọ́n. Ìsàlẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ wò.

Ní Ìsúndúnrin níhìn-ín, ní agbègbè Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń mọ ara ènìyàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Ògìyán ni oyè ọba Èjìgbò. Òrìṣà Ògìyán, òrìṣà tí ń jẹ iyán, sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà funfun, àwọn tí Ọbàtálá jẹ́ olórí fún. Ọbàtálá yìí ni àwọn baba wa gbà pé Olódùmarè gbé iṣẹ́ mímọ ara ènìyàn lé lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ìyá mi àgbà fi máa ń sọ, bí ó bá ti rí aláboyún, pé, "Kí òrìṣà ya ọnà ire kò wá o." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Wọ́n á rò pé ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń tọ̀ ni. Kì í ṣe ọ̀nà, ọnà ni. Irú èyí tí agbẹ́gilére ń gbẹ́ sára igi, tí oníṣọ̀nà ń fín sára igbá. Àdúrà náà ń sọ pé ọmọ inú oyún jẹ́ iṣẹ́ ọnà tó wà lọ́wọ́ oníṣẹ́, pé iṣẹ́ náà lè dára, ó sì lè kù díẹ̀ káàtó. Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ló pọ̀ jù nínú wa báyìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò ní ṣe àmín sí àdúrà bẹ́ẹ̀, orúkọ yòówù kí ó máa fi pe Ẹlẹ́dàá rẹ̀.

Nínú ètò ẹ̀kọ́ Yorùbá, abẹ́ àṣà ni oyún níní àti ìtọ́jú aláboyún wà. Ní ọjọ́ tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ yìí, mo ti kọ díẹ̀ nínú èèwọ̀ aláboyún sójú pátákó: kò gbọdọ̀ rìn ní ọ̀sán gangan, kò gbọdọ̀ rìn ní òru, kò gbọdọ̀ fi abirùn ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé ẹni tó bá rú èèwọ̀ yìí ni ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ ń wú, tí ọmọ náà kì í fi í lè rìn dáadáa?" Gbogbo kíláàsì pa rọ́rọ́. Wọ́n mọ ọmọ tí ó ní lọ́kàn, wọ́n sì mọ̀ pé ọmọ àbúrò mi ni. Ọmọkùnrin náà kò sọ ọ́ láti bú ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Mo sọ fún un pé ìbéèrè gidi ló bi mí, pé ó tọ́ kí a dáhùn rẹ̀ ní èdè tí ó fi bi í. Ìdáhùn náà ni mo ń kọ yìí.

Ẹni tó bá mọ Èjìgbò mọ̀ pé bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí yàrá ni àwa àti Abidjan. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní agbègbè wa ló ní ènìyàn ní Côte d'Ivoire, àwọn ọmọdé wa mìíràn sì ń gbọ́ Faransé ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ọ̀hún ni àbúrò mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣòwò. Ìyàwó wá sílé láti wá bímọ. Nígbà tí ọmọ délẹ̀, agbẹ̀bí rí kókó kan ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ó tóbi tó àgbálùmọ̀, awọ orí rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, omi sì ń sun níbẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, àwọn oníṣẹ́ abẹ sì dí ẹ̀yìn náà pa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, orí bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi nítorí omi tó kó jọ nínú rẹ̀, wọ́n sì tún fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i lára tó ń fa omi náà láti inú ọpọlọ lọ sínú ikùn. Ọmọ yè. Ọ̀pá ìkẹ́sẹ̀ ló fi ń rìn títí di òní, kì í sì í mọ ìgbà tí ìtọ̀ bá ń bọ̀. Orí rẹ̀ pé, ó mọ ìwé, bí ó bá sì ń pe oríkì ìdílé wa, àwọn àgbà a máa mi orí.

Iṣẹ́ abẹ kọ́ ló dun ìyá rẹ̀ jù. Ẹnu ni. Ẹnìkan nínú ẹbí ní òun rí i tó ń ti ọjà bọ̀ ní ọ̀sán gangan. Òmíràn ní nǹkan tí ó jẹ ní ilẹ̀ àjèjì ni. Wòlíì kan ní kí ó jẹ́wọ́ oyún tí ó ti ṣẹ́ rí, obìnrin tí kò mọ ọkùnrin kankan kí ó tó dé ilé ọkọ. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi ní ọjọ́ kan, ó ní, "Ìyá ọkọ mi, ẹ jọ̀wọ́, kí ni mo ṣe?" Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilé ìwé wa, dé ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà, dé ìdí àwọn ìwé tí kì í ṣe ti iṣẹ́ mi. Ohun tí mo rí kó jọ nìyí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí ìdí ààrò ẹlẹ́kọ. Ewé pẹlẹbẹ ni ẹlẹ́kọ ń mú dání. Ó ká etí ọ̀tún, ó ká etí òsì, etí méjèèjì pàdé, ewé sì di ohun tó lè gba ẹ̀kọ gbígbóná sínú. Bí etí ewé kò bá pàdé, ẹ̀kọ á jò. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn wa ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí oyún dúró, pẹlẹbẹ tín-ínrín kan wà ní ẹ̀yìn ọlẹ̀. (Ẹ̀yin ọmọ, ọlẹ̀ ni mo pè é, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá sínú, kì í ṣe ọ̀lẹ tí kì í ṣiṣẹ́.) Etí pẹlẹbẹ náà méjèèjì á dìde, wọ́n á tẹ̀ síra wọn, wọ́n á pàdé, wọ́n á sì lẹ̀ mọ́ra, tí pẹlẹbẹ á fi di ọ̀pá oníhò. Apá òkè ọ̀pá yìí ló ń di ọpọlọ, ìyókù rẹ̀ ló ń di mùdùnmúdùn inú eegun ẹ̀yìn. Bí òkè kò bá pa dé, ọpọlọ ọmọ náà kì í pé, ọmọ náà kì í sì í pẹ́ láyé. Anencephaly ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Bí ìsàlẹ̀ ni kò bá pa dé, eegun ẹ̀yìn á là sílẹ̀ níbẹ̀, mùdùnmúdùn tó yẹ kó wà nínú ààbò á sì yọ síta. Spina bifida ni wọ́n ń pe èyí, ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí ọ̀pá ẹ̀yìn tó là sí méjì. Gbogbo iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀ àti àpò ìtọ̀ láti ibi tó là yẹn lọ sísàlẹ̀ ló lè má ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìsàlẹ̀ tí amúkùn-ún ń wí dé ibẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ọjọ́ tí iṣẹ́ yìí ń parí. Kí ó tó di ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún dúró, ọ̀pá náà ti pa dé láti òkè dé ìsàlẹ̀, tàbí kí ó má pa dé mọ́. Ọlẹ̀ kò tíì tó hóró ìrẹsì kan nígbà náà. Nǹkan oṣù obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bí ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún. Ìkùn kò tíì yọ, èébì kò tíì le, kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé kí ó má rìn lọ́sàn-án. Nígbà tí ìyá àgbà yóò fi rí ikùn tó ga, tí yóò sì ṣàdúrà kí òrìṣà ya ọnà ire, ọnà ti orí àti ti ẹ̀yìn ti yà tán, ó ti tó oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn tí wọ́n ń pín fún àwọn aláboyún ní ilé ìwòsàn: ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni ọ̀pọ̀ obìnrin wa ń lọ forúkọ sílẹ̀. Oògùn náà wúlò fún ẹ̀jẹ̀ ìyá nígbà náà, ṣùgbọ́n kò lè tún ẹ̀yìn tó ti là pa dé.

Kí ló wá ń mú kí etí méjèèjì pàdé? Ohun tó pọ̀ ni, ṣùgbọ́n èyí tí a mọ̀ jù nínú rẹ̀ ni fítámì kan tí wọ́n ń pè ní folate. Nígbà tí a bá ṣe é ní ilé oògùn, folic acid ni orúkọ rẹ̀. Alágbàárù ni folate nínú ara. Ẹrù rẹ̀ kò tóbi, káábọ̀ọ̀nù ẹyọ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ibi méjì pàtàkì ló ń gbé e lọ. Ibi àkọ́kọ́ ni ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń kọ́ DNA. Kí etí pẹlẹbẹ tó lè dìde, sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ gbọ́dọ̀ máa pín sí méjì ní kíákíá, ìpín kọ̀ọ̀kan sì ń fẹ́ ẹ̀dà DNA tuntun. Bí alágbàárù bá wọ́n, ohun èlò DNA kò ní tó, sẹ́ẹ̀lì kò ní pọ̀ tó, etí kò sì ní dé ibi tí wọ́n ti yẹ kí wọ́n pàdé.

Ibi kejì ni ó yẹ kí ó tètè yé àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá. Ẹ wo lẹ́tà mẹ́ta yìí: ọ, k, ọ. Bí ẹ bá yí àmì ohùn orí rẹ̀ padà, ọkọ tó fẹ́ ìyàwó á di ọkọ́ tí a fi ń roko, á di ọkọ̀ tí a ń wọ̀, á tún di ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń dì mú. Lẹ́tà kò yí padà, àmì ló yí padà. DNA náà ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Ara a máa lẹ káábọ̀ọ̀nù kékeré mọ́ ọn ní àwọn ibì kan, àmì náà ló sì ń sọ èyí tí ara yóò kà àti èyí tí yóò fò dá nínú ohun tí a kọ síbẹ̀. Lára ẹrù tí folate rù ni wọ́n ti ń rí àmì náà. Bí ẹrù kò bá dé, àmì á ṣì. Ìwé tí kò ní àmì ohùn ṣòro láti kà; ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìdánwò rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun mìíràn tún ń ṣẹlẹ̀. Nǹkan kan wà tí ń jẹ́ homocysteine, tí folate àti fítámì B12 jọ ń sọ di ohun tó wúlò fún ara. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá sí, homocysteine á kó jọ nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn onímọ̀ rí i pé ó sábà máa ń pọ̀ lára àwọn ìyá tó bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

A kò ṣàdédé mọ ohun wọ̀nyí. Ní ọdún 1928, Lucy Wills, oníṣègùn obìnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí Bombay ní Íńdíà láti wádìí àìtó ẹ̀jẹ̀ tó ń pa àwọn aláboyún tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ. Ní 1931 ó kọ ọ́ jáde pé oúnjẹ kan tí wọ́n fi ìwúkàrà ṣe wo wọ́n sàn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tíì ní orúkọ nígbà náà. Ní 1941, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà rí i yọ láti inú ẹ̀fọ́, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí ewé sọ ọ́ lórúkọ: folium. Ní 1965, àwọn dókítà méjì ní Liverpool, Hibbard àti Smithells, kọ ọ́ pé ó jọ pé folate kò ṣe déédéé nínú ara àwọn ìyá tí ẹ̀yìn tàbí orí ọmọ wọn kò pa dé. Ó tó ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sí i kí iyèméjì tó kúrò. Ìwádìí ńlá kan kó obìnrin 1,817 jọ láti orílẹ̀-èdè méje, gbogbo wọn jẹ́ ẹni tó ti ní irú oyún bẹ́ẹ̀ rí. Nínú àwọn oyún tí wọ́n rí òpin rẹ̀, ọmọ 27 ni ọ̀ràn náà tún bá. Mẹ́fà péré nínú wọn ló wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n fún ní folic acid. 21 wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọn kò fún. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró kí àkókò rẹ̀ tó pé, nítorí kò tọ́ mọ́ láti fi oògùn náà du ẹnikẹ́ni. Ọdún 1991 ni wọ́n gbé e jáde.

Síbẹ̀, folate nìkan kọ́. Bí a bá fi gbogbo ẹ̀bi sórí àìjẹ ẹ̀fọ́, òkè náà là ń wò. Àwọn kan wà tí jíìnì inú ara wọn kò jẹ́ kí folate ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Àwọn kan ní àtọ̀gbẹ. Ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oyún ń ba iṣẹ́ mímọ náà jẹ́. Ibà tó gbóná gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún wà lára ohun tí wọ́n fura sí. Àwọn oògùn kan ń di folate lọ́wọ́, irú bí trimethoprim tó wà nínú Septrin. Valproate, oògùn wárápá, náà léwu fún oyún kékeré. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí dá oògùn wárápá dúró fúnra rẹ̀ o; kí ó lọ bá dókítà kí ó tó gbèrò oyún, nítorí oògùn mìíràn wà. Oògùn ibà Fansidar náà jẹ́ ọ̀tá folate, ìdí nìyí tí wọn kì í fún aláboyún ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.

Ọ̀kan tún wà tó kan àwa alágbàdo. Ní 1990 àti 1991, ní Brownsville ní Texas, lẹ́bàá ẹnubodè Mexico, àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í bí ọmọ tí ọpọlọ wọn kò pé, lọ́nà tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àgbàdo ni oúnjẹ àwọn ènìyàn ibẹ̀. Àwọn onímọ̀ fura sí fumonisin, májèlé tí èébu ara àgbàdo ń ṣe, ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2006 sì túbọ̀ mú ìfura náà lágbára. Májèlé yìí ń ba ọ̀rá ara ògiri sẹ́ẹ̀lì jẹ́, ẹnu ọ̀nà tí folate ń gbà wọlé sì wà lára ògiri náà. Folate lè wà lóde kí ó má rí ọ̀nà wọlé. Èmi kò sọ pé ògì ń ṣe ènìyàn ní ibi. Ògì la fi tọ́ wa. Ohun tí mò ń sọ ni pé àgbàdo tó ti bu kò yẹ ní omi ògì. Àwọn ìyá wa tó máa ń ṣa àgbàdo lórí atẹ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ kò fi àkókò ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ wá kan ìkòkò ọbẹ̀. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ̀, ewédú, gbúre, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ẹ̀dọ̀ ẹran, gbogbo wọn ló ní folate. Ṣùgbọ́n folate kò fẹ́ràn iná, inú omi ló sì ń yọ́ sí. Bí a bá bọ ẹ̀fọ́ títí, tí a fún un, tí a da omi rẹ̀ nù, a ti da púpọ̀ nínú rẹ̀ nù. Ẹ̀fọ́ tí a fọ̀ dáadáa, tí a dà sí ata lẹ́yìn tí ọbẹ̀ ti jinná, tí a sì tètè sọ̀ kalẹ̀, ló ń fún ni ní èrè. B12 ní tirẹ̀ kò sí nínú ewé; ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ni a ti ń rí i. Pẹ̀lú gbogbo èyí náà, ó ṣòro kí oúnjẹ nìkan tó ìwọ̀n tí oyún ń fẹ́. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí obìnrin tó bá ń gbèrò oyún máa lo folic acid ìwọ̀n 400 micrograms lójoojúmọ́, láti ìgbà tó ti ń gbèrò títí oyún yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 12. Ẹni tó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí nílò ìwọ̀n tó ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, dókítà ni yóò sì sọ ọ́. Oògùn náà kì í ṣe ohun tuntun sí wa. Gbogbo ilé tó ní ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS ló mọ̀ ọ́n.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan kò dúró de ìgbà tí obìnrin yóò ra oògùn. Amẹ́ríkà ń fi folic acid sínú ìyẹ̀fun ní dandan láti 1998. Gúúsù Áfíríkà fi sínú ìyẹ̀fun àlìkámà àti ti àgbàdo láti 2003, iye àwọn ọmọ tí ẹ̀yìn wọn kò pa dé sì dín kù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìpàdé àgbáyé lórí ìlera ní Geneva rọ gbogbo orílẹ̀-èdè láti ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin Nàìjíríà náà fẹ́ kí ó wà nínú ìyẹ̀fun àlìkámà. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ búrẹ́dì ni èyí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gàrí tí a yan ní Ìsúndúnrin, èlùbọ́ tí a lọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ògì tí a sẹ́ sínú kọ́ọ̀kù, kò sí èyí tó gba ilé iṣẹ́ ńlá kọjá.

Mo padà sí ìbéèrè ìyàwó wa: kí ni mo ṣe? Ìtàn àwọn baba wa gan-an ti dáhùn rẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ kan wà tí Ọbàtálá mu ẹmu yó, tí ọwọ́ rẹ̀ kò ràn mọ́, tí ó sì mọ abuké, arọ àti afín ní ọjọ́ náà. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹmu ti di èèwọ̀ fún àwọn ọmọ òrìṣà, tí a sì ń pe àwọn tí a mọ bẹ́ẹ̀ ní ẹni òrìṣà, ẹni tí a kò gbọdọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ka ìtàn náà dáadáa. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti dá ìyá ọmọ lẹ́bi nínú rẹ̀. Kò sí. Ibi iṣẹ́ ni nǹkan ti wọ́, lọ́jọ́ tí a ń mọ ọ́n. Ohun tí onímọ̀ sẹ́ẹ̀lì ń sọ lónìí kò jìnnà síbẹ̀. Obìnrin lè jẹun dáadáa, lo oògùn, kí nǹkan ṣì yí, nítorí ohun tó ń fà á kò ṣẹ́kù sí ẹyọ kan. Oògùn dín ewu kù púpọ̀, kò mú un kúrò pátápátá. Ẹni tó bá wá ń wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi nílé ìyá ọmọ kò tíì wo ìsàlẹ̀.

Àwọn ẹni tó wo ìsàlẹ̀ wà láàárín wa. Ní 1962, E. Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́, padà dé láti Amẹ́ríkà sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, òun ló sì dá ẹ̀ka náà sílẹ̀ níbẹ̀. Akéwì ni pẹ̀lú. Ó kọ ewì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó kú ní 1974. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ rò pé ẹni tó bá yan lítíréṣọ̀ ti kẹ́yìn sí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ẹ rántí rẹ̀. Bí ọmọ àbúrò mi ṣe wà láàyè lónìí, lára irú iṣẹ́ tí Odeku gbìn ni.

Kí ni kí a wá ṣe? Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé àdúrà ọnà ire máa ń pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní àdúrà mìíràn tó tètè ń dé. Ní ọjọ́ ìdána, kí ìyàwó tó wọlé ọkọ, a máa ń gbé oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare kalẹ̀. A ó ṣí ataare, a ó fi hóró inú rẹ̀ tó kún fọ́fọ́ ṣàdúrà ọmọ fún ìyàwó. Oyún kò tíì dúró, ọlẹ̀ kò tíì sí, àwọn àgbà sì ti ń sọ̀rọ̀ ọmọ. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Àwọn baba wa ti mọ ìgbà tó yẹ kí a da omi náà. Àwa la kàn ní láti mọ ohun tí a ó fi kún un.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń lọ sílé ọkọ ní ọdún yìí. Mo ti sọ fún àwọn alága ìjókòó àti alága ìdúró pé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ataare, èmi yóò gbé páálí folic acid kékeré kan sínú àwo. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó bi mí bóyá a óò máa wúre lórí oògùn oyìnbó. Mo ní orúkọ ewé ni oògùn náà ń jẹ́, a sì ti ń wúre lórí ewé tipẹ́. Ìyàwó àbúrò mi jókòó nítòsí, ó gbọ́. Ó ní òun ni kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé àwo náà jáde ní ọjọ́ yẹn. Mo gbà fún un. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí a bá sì fẹ́ gbá orí náà mú, kí ọmọ tó dé ọjà ni.